Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Kí Ló Ń Dá Tọ́bò Lẹ́kun?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Passat 1.8T tòkunbọ̀ kan. Mẹkáníìkì mi ń dárúkọ wastegate, actuator àti N75, gbogbo rẹ̀ sì dàrú mọ́ mi lójú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ọ̀dọ̀ èéfín ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú tọ́bò. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló so abẹ̀bẹ̀ yẹn pọ̀ mọ́ èkejì, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé tó sì ń kì í mọ́ ẹ́ńjìnnì nínú. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì yìí, ní ìwọ̀n tó fi ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, ni à ń pè ní boost. Ṣùgbọ́n tọ́bò kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo tó ń jó á pọ̀ sí i, èéfín náà á pọ̀ sí i, abẹ̀bẹ̀ á tún sáré sí i. Tọ́bò kékeré irú ti ọkọ̀ yín lè yí ju ìgbà 150,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí nǹkan kan kò bá dá a lẹ́kun, piston lè fọ́, tọ́bò fúnra rẹ̀ sì lè tú ká.

Wastegate ni ilẹ̀kùn kékeré tó wà ní apá ibi tí èéfín ń gbà. Tó bá ṣí, èéfín kan á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ sínú sálẹ́ńsà láìfọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀. Actuator ló ń ṣí i: ó dà bí agolo mílíìkì kékeré, awọ rọ́bà kan àti spring kan ló wà nínú rẹ̀. Họ́ọ̀sì tín-ínrín kan ń gbé afẹ́fẹ́ láti ẹnu tọ́bò wá bá awọ yẹn. Bí agbára afẹ́fẹ́ náà bá ti borí spring, awọ á ti ọ̀pá, ọ̀pá á ti ilẹ̀kùn. Lórí tọ́bò K03 tó wà lára 1.8T, nǹkan bí 0.3 sí 0.4 bar nìyẹn, ìyẹn bíi 5 psi.

Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló wà, boost kò ní kọjá agbára spring láéláé. Ibẹ̀ ni N75 ti wọlé. Fáàfù oníná ni, ó ní ẹnu mẹ́ta: ọ̀kan ń gba afẹ́fẹ́ láti ara tọ́bò, ọ̀kan lọ sí actuator, ìkẹta padà sínú páìpù tí tọ́bò fi ń mí. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣí i ó sì ń pa á léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí actuator lè yà padà. Actuator á rò pé boost kò tíì tó, kò ní ṣílẹ̀kùn, boost á sì máa gòkè. Irọ́ ni N75 ń pa fún un, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń wọn irọ́ náà. Saab ti Swídìn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ta ọkọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo fáàfù oníná pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, tí boost á sì wálẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń kan gbà-gbà.

Ohun tó sábà máa ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lọ́nà rèé: bí họ́ọ̀sì actuator bá ya, boost á pọ̀ jù ni, kò ní dín kù.

Golf GTI 2.0 ni tèmi. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, á dẹ̀ lójijì, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, skánà sì kọ P0234. P0299 ni ti ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì lọ ra tọ́bò ní Ládípọ̀. (Òǹkàwé kan, Mushin)

Ẹ fi owó yín sápò ná. P0234 ni pé boost pọ̀ jù, P0299 ni pé kò tó. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi oògùn kan náà wò ó.

Fún P0234, ẹ kọ́kọ́ wo họ́ọ̀sì tín-ínrín láti tọ́bò dé N75, àti láti N75 dé actuator. Ooru máa ń mú kí orí wọn gan, kí wọ́n sì la ní abẹ́ dídì tí ojú kò tètè rí. Ẹ tẹ̀ wọ́n kọrọdọ kí ẹ lè rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà N75 kúrò, kí ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀. Iná á tàn, àmọ́ boost gbọ́dọ̀ dúró sí ti spring nìkan. Bí ó bá ṣì ń kọjá, ẹjọ́ iná kọ́: họ́ọ̀sì ni, tàbí actuator, tàbí ilẹ̀kùn tó ti dì, tàbí N75 tí ìdọ̀tí ti lẹ̀ pa.

Fún actuator, ẹ wá pọ́ńpù ọwọ́ tó ní géèjì, ẹ so ó mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fún afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn nígbà tó bá dé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ kọ. Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀, kí ẹ wo géèjì fún ìṣẹ́jú kan. Bí abẹ́rẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀, awọ inú rẹ̀ ti ya. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró ṣùgbọ́n tí ọ̀pá kò mira, ìpẹtà ti di ilẹ̀kùn mú. Tó bá jẹ́ N75 lẹ fura sí, lórí 1.8T, ẹ wọn ẹsẹ̀ iná rẹ̀ méjèèjì: 25 sí 35 ohm ló yẹ kí ẹ rí. Lórí ọkọ̀ mìíràn, ẹ wo ìwé rẹ̀.

Fún P0299 ọ̀rẹ́ yín, ẹnu tó ń jò ni ẹ máa wá. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà lára àwọn GTI 2.0 àkọ́kọ́, láti 2005 síwájú díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo diverter valve tó wà lára tọ́bò, ìyẹn fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ti àtijọ́ ní awọ rọ́bà tó máa ń ya. Irú tuntun tí ilé iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn náà ń lo piston. Tí ìyẹn bá dáa, ẹ dí ẹnu páìpù tí tọ́bò fi ń mí, kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ 0.5 bar sí i, kí ẹ sì da omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé họ́ọ̀sì ńlá àti intercooler (ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ tí tọ́bò kì tutù). Ibi tó bá ń hó ni ó ń jò. Ẹ má kọjá 0.7, àwọn rọ́bà mìíràn nínú ẹ́ńjìnnì kò lè gbà á.

Tọ́bò fúnra rẹ̀ ló kù: ẹ mi ọ̀pá abẹ̀bẹ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ń ha ara ilé rẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ lè máa lọ sí Ládípọ̀.

Mo fẹ́ ariwo "pṣíìì" yẹn. Ó ha léwu? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ariwo yẹn ń jáde nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti kì kò ríbi wọlé mọ́, fáàfù kan sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ kí ó má bàa padà lu abẹ̀bẹ̀. Fáàfù ilé iṣẹ́ ń dá a padà sínú páìpù. Èyí tó ń pariwo ń dà á síta. Bí ọkọ̀ yín bá ń fi MAF (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé) wọn afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà ti ka afẹ́fẹ́ tí ẹ dà nù yẹn, ó sì ti fún un ní epo. Epo á pọ̀ jù fún ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ lè máa ta gbọ̀n tàbí kí ó kú níwájú iná dádúró. Agbára kò sì kún un.

Ṣé kí n fi manual boost controller sí i? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Rárá, bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ti ṣe é. Nǹkan náà kì í ṣe ju bọ́ọ̀lù kékeré àti spring lọ, tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró lójú ọ̀nà actuator. Kò mọ̀ bóyá epo tó tàbí ẹ́ńjìnnì ń kan, kò sì lè dín boost kù fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ńtíróòlù wa kì í fìgbà gbogbo rí bí ìwé tó wà lára ìdérí táńkì ti fẹ́ ẹ. Ẹ yan géèjì boost àti skánà tó dáa ṣáájú rẹ̀.

Ọkọ̀ dísù mi kò ní wastegate rárá. Ta ló ń darí rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Òndó)

Tọ́bò tó ní ewé tó ń yí padà ni. Àwọn ewé náà wà yí abẹ̀bẹ̀ èéfín ká: tí wọ́n bá sún mọ́ra, èéfín á yára, boost á gòkè, tí wọ́n bá ṣí, á wálẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, vacuum, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n fà jáde, ló ń fa ọ̀pá wọn. Lórí àwọn tuntun, mọ́tò iná ni. Èérú tó máa ń di ewé mú ni àrùn rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, pàápàá fún ọkọ̀ tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú gòsílóò lójoojúmọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ó tutù, kí ẹ fi pọ́ńpù vacuum fa ọ̀pá náà láti òpin dé òpin. Ó gbọ́dọ̀ rìn geere láìdúró lójú ọ̀nà.