Kí ló dé tí Mílò fi ń jẹ́ tíì, tí kéèkì sì ń jẹ́ àkàrà òyìnbó?

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Múṣìn ló kọ̀wé sí mi. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé tíì kan ní Ìkòyí lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ kéèkì. Nígbà tó délé tó ròyìn fún màmá rẹ̀, ohun tí màmá kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé Mílò ni àbí Bọnfítà?" Wọ́n tún bi í bóyá àkàrà òyìnbó ibẹ̀ dùn. Ọ̀rẹ́ tó bá a wálé bú sẹ́rìn-ín, ojú sì ti ọmọ. Ó wá ní kí n ṣàlàyé: ṣé àṣìsọ ni àwọn àgbà wa ń sọ ni? Kí ni àkàrà sì wá ṣe kan kéèkì?

Àbúrò mi, kì í ṣe àṣìsọ rárá. Ìbéèrè màmá rẹ gún régé. Lẹ́nu àwa Yorùbá Èkó, tíì kì í ṣe orúkọ ewé kan. Ohun mímu gbígbóná tí a po mílíìkì àti ṣúgà mọ́ la ń pè bẹ́ẹ̀. Mílò, Bọnfítà, Ofatíìnì, tíì ni gbogbo wọn. Ewé gan-an ní orúkọ tirẹ̀, Lípítọ́ọ̀nù là ń pè é, ì báà jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló wà lára páálí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun mu tíì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò tíì parí. Ó yẹ kí wọ́n bi í pé èwo ló mu.

Mímu tíì náà tún ju mímu lọ. Bí ẹnì kan bá ní, "Mo ti mu tíì kí n tó jáde," búrẹ́dì ti wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, bóyá ẹyin díndín pẹ̀lú. Ó ti jẹun àárọ̀ nìyẹn. Ohun tí wọ́n máa bi í ni pé, "Kí lo fi mu ún?" Ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. "Fi mu" yìí, ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀kọ ni. Kí Lípítọ́ọ̀nù tó mọ Èkó, bẹ́ẹ̀ náà la ti ń bi ara wa láàárọ̀: "Kí lo fi mu ẹ̀kọ?" "Àkàrà ni."

Wo bí ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ṣe ń bá ara wọn ṣe. Ẹ̀kọ ń ṣàn, ó kan díẹ̀, ooru rẹ̀ ń wọ àyà lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí eyín fẹ́ fi í ṣe. Àkàrà ló ń fún eyín níṣẹ́: ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí alákàrà lù títí ó fi wú, tó fúyẹ́, kó tó máa fi ṣíbí bù ú sínú epo gbígbóná. Lílù yẹn ni gbogbo ẹ̀. Àkàrà tí kò bá wú, bí òkúta ló máa rí lẹ́nu. Òyìnbó wá dé, ó gbé ohun gbígbóná kan sínú ife, ó gbé ohun kan tó wú, tó rọ̀ nínú, tó pọ́n lẹ́yìn, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn baba wa wò ó, wọ́n rí i pé àwọn mọ ètò yìí. Wọ́n ní àkàrà nìyí, àkàrà àwọn òyìnbó.

Bó o bá fẹ́ ẹ̀rí, ṣí Bíbélì Yorùbá. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ohun tó ń mú ìyẹ̀fun wú, ìwúkàrà ni wọ́n pè é: ohun tó ń mú àkàrà wú. Àjọ tí àwọn Júù fi ń jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ di àjọ àìwúkàrà. Láti kékeré la ti ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ò sì rántí pé alákàrà ìkóríta ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lójú tèmi, nígbà tó yá, búrẹ́dì gba orúkọ tirẹ̀ lọ, àkàrà òyìnbó wá kù fún èyí tó ní ṣúgà àti bọ́tà. Ní báyìí, kéèkì ti ń lé e lọ kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ó dùn mí, nítorí kéèkì kò sọ nǹkan kan létí Yorùbá, àmọ́ àkàrà òyìnbó sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́, ó sì sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá.

Àkàrà kì í sì í ṣe oúnjẹ àárọ̀ lásán. Bí àgbàlagbà bá kú lẹ́yìn tó ti dàgbà tó ti darúgbó, àwọn ọmọ máa ń dín àkàrà, wọ́n á pín in yí àdúgbò ká. Ẹni tí wọ́n bá gbé e fún ti gbọ́ pé baba tàbí ìyá náà ti lọ, á sì ṣàdúrà kí ọjọ́ tòun náà jìnnà. Kéèkì ọjọ́ ìbí àti ti ìgbéyàwó, pípín náà ni. Wọ́n á gé e, kálukú á gba tirẹ̀.

Tíì fúnra rẹ̀ ní ìtàn kan tó máa ń wù mí láti sọ. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ewé náà ti wá, orúkọ méjì ló sì ní níbẹ̀. Àwọn ará etíkun Fujian ń pè é ní te, ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń pè é ní cha. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Netherlands gbé te gba orí òkun dé Yúróòpù, ó dé etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló gbé e dé Èkó tó di tíì. Cha ní tirẹ̀ gba orí ilẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà, ó di shay lẹ́nu Lárúbáwá, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé ọ̀dọ̀ àwọn Háúsá, àwọn yẹn ń pè é ní ṣáyì. Ọmọ ìyá ni tíì àti ṣáyì. Wọ́n gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kúrò nílé, wọ́n wá pàdé ní Èkó.

Lọ sí Ọbáléndé ní ìdájí, wàá rí wọn pa pọ̀. Onítíì tí gbogbo wa ń pè ní máíṣáyì, ìyẹn ẹni tó ni ṣáyì ní èdè Háúsá, dúró sẹ́yìn tábìlì pákó rẹ̀, kẹ́tùrù ń hó lórí iná. Yorùbá tó bá jókòó síbẹ̀ á ní, "Máláàmù, ẹ po tíì fún mi." Ife ńlá méjì ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó bu Mílò tàbí kó ti Lípítọ́ọ̀nù bọ omi gbígbóná, ó da mílíìkì látinú agolo tó lu ihò méjì sí lórí, ọ̀kan kí mílíìkì gbà jáde, èkejì kí afẹ́fẹ́ gbà wọlé. Ó wá gbé ife kan sókè, ó dà á sínú èyí tó wà nísàlẹ̀, ó tún dà á padà, tíì náà gùn gbọọrọ láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀kán kan kò sì ta sílẹ̀. Dídà yẹn ló ń mú ooru rẹ̀ rọlẹ̀, òun ló ń po ṣúgà mọ́ ọn dáadáa, òun náà ló ń mú kí ó yọ ìfófòó lókè. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín tó ní àlùbọ́sà àti ata á tẹ̀ lé e. Ilé tíì ni bẹ́ǹṣì yẹn náà, àbúrò mi.

Agége ló ń jẹ́ orúkọ búrẹ́dì tí wọ́n fi ń mu ún. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èkó ní 1913, ló sọ búrẹ́dì ṣíṣe di òwò ńlá níbí, títí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì rò ni pé apá Agége kan náà wà lára ibi tí kòkó ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní nǹkan bí 1880, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò kan ní Èkó, dá oko kòkó ńlá sí Ìjọn lápá ibẹ̀. Kòkó ló sì wà nínú Mílò àti Bọnfítà. Wọ́n ń gbin ewé tíì ní òkè Mambila ní Tàrábà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí màmá rẹ bá po Bọnfítà tiwọn, tí wọ́n gé búrẹ́dì Agége tì í, ìtàn Èkó tó wà nínú ife yẹn ju ti Lípítọ́ọ̀nù tó o mu lọ.

Bó o bá sì fẹ́ rí i pé ohun kan náà ni tíì àti ẹ̀kọ lójú wa, lọ kí àwọn Mùsùlùmí nílé nígbà ìṣínu nínú oṣù Ramadan. Lórí ẹní kan náà, wàá bá dàbínù, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, wàá bá kẹ́tùrù tíì àti búrẹ́dì. Ẹni tó bá mu tíì lónìí lè mu ẹ̀kọ lọ́la, kò sẹ́ni tó máa rò pé oúnjẹ ti yí padà.

Kí wá ni tuntun nínú ibi tó o lọ? Àkókò rẹ̀ ni, àti ìjókòó. Àárọ̀ ni tíì wa. Tíì ọ̀sán, àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni. Ibi tí Yorùbá ti ń jókòó lọ́sàn-án kí ọ̀rọ̀ máa dùn, ìdí ẹlẹ́mu ni, tàbí abẹ́ igi níwájú ilé. Fún ọdún púpọ̀, ẹni tó bá dárúkọ káfé fún ará Èkó, ibi tí wọ́n ti ń sanwó lo íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ. Ní báyìí, irú ibi tó o lọ ti ń pọ̀ sí i. Ó dùn mọ́ mi nínú pé Jazzhole tó wà ní Awólọ́wọ̀ Road ní Ìkòyí níbẹ̀ yẹn jẹ́ ilé ìtàwé àti ilé rẹ́kọ́ọ̀dù tó ní káfé nínú, tí èèyàn lè jókòó tì ife kan kó máa gbọ́ orin.

Mú màmá rẹ dání nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá ní Mílò làwọn fẹ́, bá wọn bèèrè Mílò. Bí wọ́n bá sì mú àkàrà òyìnbó wọn, tí wọ́n tì í bọ inú ife kó rẹ díẹ̀ kí wọ́n tó fi sẹ́nu, ti tìẹ náà bọ ọ́.