Rélùwéè Glasgow sí Mallaig: ẹ má wulẹ̀ san owó ọkọ̀ elééfín yẹn

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú ìmúra àlejò. Ẹ ní màmá ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lóṣù Keje, pé wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin, pé ẹ fẹ́ mú wọn wọ ọkọ̀ elééfín tó ń gba orí Glenfinnan, afárá inú fíìmù Harry Potter, kọjá ní Scotland, àmọ́ nígbà tí ẹ gbọ́ iye rẹ̀, ẹ figbe ta. Ohun tí mo máa sọ ò pọ̀: ẹ fi ọkọ̀ olówó gọbọi yẹn sílẹ̀. Ọkọ̀ ScotRail lásán, ìyẹn rélùwéè Scotland tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń lọ sọ́jà, ojú irin kan náà ló ń gbà, afárá kan náà ló ń gùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní Glasgow. Àlejò tó bá wá kí mi láti ilé, ọ̀nà yẹn ni mo máa ń mú wọn gbà, mo sì ti wọ ọkọ̀ méjèèjì.

Ọkọ̀ elééfín tí wọ́n ń pè ní Jacobite, àárín Fort William àti Mallaig nìkan ló ń ná, nǹkan bíi máìlì 41 ní àlọ. Ó dára o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Fèrè rẹ̀ ń dún, èéfín rẹ̀ ń rùn bó ṣe yẹ kó rùn. Tó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti wo fíìmù yẹn ní àwòtúnwò lẹ ń mú lọ, ẹ sanwó, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n màmá àgbàlagbà, tí Harry kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ jẹ́ ọmọ Ọba Charles ńkọ́? Ohun kan sì tún wà tí àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í sọ: ẹni tó wà nínú ọkọ̀ elééfín kò lè rí ọkọ̀ elééfín. Àwọn tó gun òkè ẹ̀gbẹ́ afárá, tí wọ́n gbé kámẹ́rà dúró, àwọn ló ń rí i, ọ̀fẹ́ sì ni tiwọn.

Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀pọ̀ ohun tó dùn ún wò ti kọjá kí ẹ tó dé Fort William. Láti ibùdókọ̀ Queen Street ní Glasgow dé Mallaig jẹ́ máìlì 164, ó sì ń gbà ju wákàtí márùn-ún lọ. Bí màmá bá ti wọ ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn rí láti ibùdókọ̀ Laderin, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé eléyìí ò sáré tó yẹn rárá. Ó ń rọra lọ ni, ìyẹn gan-an ló sì dára fún ẹni tó fẹ́ wòran.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó ló wá kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí. Ní Queen Street, ẹ jókòó sápá òsì. Odò Clyde ló máa kọ́kọ́ yọ, Gare Loch á tẹ̀ lé e (loch ni wọ́n ń pe adágún tàbí apá òkun tó wọnú ilẹ̀ níbẹ̀), Loch Long á tẹ̀ lé ìyẹn, òsì ni gbogbo wọn. Loch Lomond á wá bọ́ sí ọ̀tún fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n igi pọ̀ létí rẹ̀, ẹ má tìtorí rẹ̀ kúrò níbi tí ẹ wà. Ní Crianlarich, ọkọ̀ máa ń pín sí méjì: apá kan á lọ sí ìlú Oban, apá kejì á máa bá ọ̀nà Mallaig lọ. Kí ẹ tó gbé ẹrù wọlé ní Glasgow ni kí ẹ ti bi òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pé kọ́ọ̀ṣì wo ni tiyín. Mo rí tọkọtaya kan tí ọkọ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀ṣì òdìkejì, ọkọ̀ pín, ó sì di èrò Oban. Orí fóònù ni wọ́n ti parí ìjà yẹn.

Tí ẹ bá dé Fort William, ojú irin parí síbẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa di iwájú, á padà gba ibi tó bá wọlé jáde díẹ̀ kó tó yà sọ́nà Mallaig. Ẹni tó jókòó sósì láti Glasgow á ti di ará ọ̀tún láìdìde. Bẹ́ẹ̀ apá òsì náà lẹ tún nílò láti ibẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni adágún Loch Shiel máa wà tí ẹ bá wà lórí afárá, ibẹ̀ náà ni òkun máa wà tí ẹ bá kọjá Arisaig. Èrò púpọ̀ ló máa ń sọ̀ ní Fort William. Bí wọ́n bá ṣe ń sọ̀ ni kí ẹ ti gba ìjókòó òdìkejì.

Tèmi, Rannoch Moor ni mo fẹ́ràn jù, kì í ṣe afárá rárá. Àbàtà ni, ó tẹ́ lọ salalu, kò sí ilé, kò sí títì, òkè ló yí i ká. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà yìí, èyí tó ṣí ní 1894, ilẹ̀ ibẹ̀ ń gbé ohun tí wọ́n bá kó lé e mì. Ni wọ́n bá kó gbòǹgbò igi, ẹ̀ka igi, yẹ̀pẹ̀ àti eérú jọ, wọ́n tẹ́ ẹ bí ẹní sórí ẹrẹ̀, wọ́n sì to ojú irin lé e. Ó ṣì léfòó síbẹ̀ dòní. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ lẹ ó dé Corrour, mítà 408 sókè ju òkun lọ, kò sí ibùdókọ̀ kankan lójú irin ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland tó ga tó o. Mọ́tò ò gba títì ìlú débẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tàbí ẹsẹ̀ ni. Ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dáadáa, àgbọ̀nrín pọ̀.

Ìyá ọkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wo ilẹ̀ yẹn títí, wọ́n ní, “Ta ló ni gbogbo ilẹ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni ò fi kọ́lé sí i?” Mo ní olówó mélòó kan ló ni ín, pé wọ́n fi í pamọ́ kí wọ́n lè máa dọdẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀. Wọ́n mirí, wọn ò tún sọ̀rọ̀ títí a fi dé Loch Treig.

Afárá Glenfinnan náà wá ńkọ́? Ó rẹwà. Ojú 21 ló ní, kankéré lásán ni láìsí irin nínú, ó ga tó mítà 30, ó tẹ̀ bí ọrun. Robert McAlpine ni agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ọ, tí wọ́n fi kankéré sọ lórúkọ, Concrete Bob, wọ́n sì ṣí ọ̀nà ibẹ̀, láti Fort William sí Mallaig, ní 1901. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé ẹṣin kan já sínú òpó rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ní 2001 ni wọ́n wá fi ẹ̀rọ rí ẹṣin ọ̀hún àti kẹ̀kẹ́ tó ń fà, kì í ṣe ní Glenfinnan, nínú òpó afárá Loch nan Uamh ni, lọ́nà ibẹ̀ náà. Ẹ sọ ìtàn yìí fún màmá kí ẹ tó débẹ̀. Á dùn mọ́ wọn ju Harry lọ.

Òjò á rọ̀. Ẹ má gbàdúrà pé kó má rọ̀. Tó bá ń rọ̀, omi á máa ya láti orí gbogbo òkè wọ̀nyẹn, èmi ò mọ èyí tó dára jù nínú òjò àti oòrùn. Oṣù Keje náà ni àsìkò kantíkantí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní midge, wọ́n ń jẹni ní àjẹbẹ́. Nínú ọkọ̀ kò séwu, ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ̀, kí màmá wọ ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ alápá gígùn.

Ẹ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ wà. Ọkọ̀ alẹ́ Caledonian Sleeper ń kúrò ní Euston lójoojúmọ́ àyàfi alẹ́ Sátidé, èèyàn á sì jí sáàárín òkè. Ó wù mí, ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tí oorun wọn fẹ́lẹ́, mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ sùn ní Glasgow, kí ẹ gba ọkọ̀ àárọ̀. Àlọ àti àbọ̀ lọ́jọ́ kan ṣeé ṣe o, àmọ́ ó ju wákàtí mẹ́wàá lórí ìjókòó, orúnkún àgbà ò ní gbà. Ẹ sùn sí Fort William lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, kí ẹ sì yẹra fún Sunday, ọkọ̀ ò pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ di oúnjẹ dání láti ilé, ẹ má gbójú lé pé wọ́n á tà á nínú ọkọ̀. Mallaig fúnra rẹ̀, ìlú apẹja ni, ẹja wọn tutù yọ̀yọ̀, owó tí ẹ kò fún ọkọ̀ elééfín á sì rà á púpọ̀. Ata nìkan ni wọn ò mọ̀, ẹ rọ díẹ̀ sínú ike kékeré kan lọ.