Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ohun Èlò Orin Àlòkù

Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ti kíbọ́ọ̀dù ló pọ̀ jù. Òun la ó fi bẹ̀rẹ̀, òun náà la ó sì pẹ́ lé lórí jù, nítorí òun ló ń tètè jóná.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjọ wa fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀. Ẹni tó ń tà á tẹ bọ́tìnnì kan, orin dídùn jáde, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìjọ kan ládùúgbò ra irú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tì í bọ iná ló kú. Kí ni ká yẹ̀ wò? — Ọ̀gá akọrin, Ṣàgámù*

Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣe kíbọ́ọ̀dù náà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún èyí tó wà níwájú yín. Bọ́tìnnì Demo ni ọkùnrin yẹn tẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń dá orin náà kọ. Ìdajì àwọn kíì rẹ̀ lè ti kú, orin yẹn á ṣì dùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Iná tiwa ní Nàìjíríà, fóòtì 230 ni. Ti Jàpáànì jẹ́ 100, ti Amẹ́ríkà 120. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ 100V sí lára, tí wáyà iná rẹ̀ wọ inú rẹ̀ tààrà láìsí ádápútà, bí ẹ bá tì í bọ iná wa, bí orí bá ṣe é, fíúsì nìkan ló máa já. Bí orí kò bá ṣe é, tíráńsífọ́mà inú rẹ̀ á jó, òórùn á sì gba ilé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó pa ti aládùúgbò yín nìyẹn.

Èyí kò ní kí ẹ sá fún un o. Tíráńsífọ́mà tó ń sọ 230 di 100 wà. Ẹ wo iye wáàtì tí kíbọ́ọ̀dù náà ń jẹ: bó bá jẹ́ 20, ẹ ra tíráńsífọ́mà wáàtì 50 sókè, kó má baà máa gbóná. Ẹ ṣọ́ èyí tí wọ́n kọ 110 sí, ti ẹrù Amẹ́ríkà ni. Lọ́jọ́ tí iná bá ga, ó lè fún kíbọ́ọ̀dù Jàpáànì ní ju ohun tó lè gbà lọ. Ẹ fowó tíráńsífọ́mà náà kún owó kíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó ná an. Bí ẹ bá délé, ẹ lẹ téèpù mọ́ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ kọ 100 gàdàgbà sí i. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọdé kan nínú ẹgbẹ́ akọrin á fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ láti tì í bọ ògiri.

Bó bá jẹ́ ádápútà ló ń lò, ọ̀rọ̀ rọrùn, ádápútà nìkan lẹ ó pààrọ̀. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bára mu: fóòtì gbọ́dọ̀ jẹ́ bákan náà; áḿpíà ti ádápútà tuntun lè jù, kò gbọdọ̀ dín; àmì ìròpọ̀ àti àyọkúrò tó yí ẹnu rẹ̀ ká gbọ́dọ̀ jọra. Ẹ̀kẹta yìí náà lè pa kíbọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ Yamaha tó tún ń lo bátìrì ń lo fóòtì 12, àmì ìròpọ̀ wà láàárín. Ọ̀pọ̀ Casio àtijọ́ ń lo fóòtì 9, àmì àyọkúrò ló wà láàárín. Ẹnu méjèèjì lè wọ ihò kan náà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yá ádápútà ara yín láìkà á.

Lẹ́yìn iná ló kan kíì. Ẹ yan ohùn dùrù ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í rọlẹ̀ bí ìka bá ṣì wà lórí rẹ̀, kí ẹ tẹ kíì lọ́kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún. Gbogbo wọn ni o, ẹ má fò ọ̀kan. Ẹ wá yan ohùn píánò, kí ẹ tún un tẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kíkan. Bí kíì kan tàbí méjì bá ń dákẹ́, tàbí tó ń pariwo bó ti wù kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ tó, ìdọ̀tí ló wà láàárín rọ́bà dúdú abẹ́ kíì àti pátákó iná. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tú á fi òwú àti ọ́kóhòlù isopropyl (kì í ṣe ọtí mímu) nù ún, á jẹ́ kó gbẹ, á dè é padà. Kò gbọdọ̀ fi nǹkan fá a, torí dúdú orí rọ́bà náà ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn kíì bá kú ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tàbí tí wọ́n ń kú ní àyè kan náà léraléra, kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́. Wáyà kan tó so wọ́n pọ̀ ló já lórí pátákó náà, tàbí aáyán ti yàgbẹ́ sí i títí ó fi jẹrà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, àfi bó bá fẹ́ tà á ní owó àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kó wà lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àléébù míì kì í yọjú àfi bí ara ẹ̀rọ bá gbóná. Ẹni tó bá ń kán yín lójú ní àsìkò yẹn, ó mọ ohun tó ń bọ̀.

*Mo rí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan tó ti tẹ̀ wọnú ní ẹnu gbàgàdà rẹ̀. Ṣé kí n rà á? — Ìjẹ̀bú-Igbó*

Títẹ̀ ẹnu gbàgàdà kì í ba ohùn jẹ́ púpọ̀. Owó ni kí ẹ fi dín. Ọ̀pá tí ẹnu fèrè ń wọ̀ àti ilé písítìnì mẹ́ta náà ni kò gbọdọ̀ tẹ̀. Ẹ wo ara ọ̀pá yẹn lójú oòrùn: bí ẹ bá rí àbàwọ́n pupa kéékèèké bí ara bíríkì, itọ́ ti jẹ síńkì inú idẹ náà tán, bàbà ló kù, ihò ló sì máa já sí.

Ẹ dán písítìnì wò báyìí. Ẹ má tẹ nǹkan kan, ẹ fa ọ̀pá tó ń yọ ní ara písítìnì kìíní síta díẹ̀. Ẹ ka ení títí dé àrún, kí ẹ wá tẹ písítìnì náà. Ó yẹ kó dún pọ́! Bí kò bá dún, afẹ́fẹ́ ń jò lára písítìnì tó ti jẹ, òróró kò sì lè tún un ṣe. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kẹta náà. Bí ẹnu fèrè bá ti há, tí ẹ rí ojú ẹmú lára rẹ̀, ẹnì kan ti fagbára fà á rí. Irinṣẹ́ wà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yẹn.

Bí ẹ bá rà á, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ àwo lẹ ó fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi gbígbóná, torí á bó ọ̀dà dídán ara rẹ̀. Òróró písítìnì, ẹ̀kán mẹ́ta sí mẹ́rin. Òróró ẹ̀pà àti àdí máa ń di gọ́ọ̀mù ni. Ẹ ti písítìnì kọ̀ọ̀kan padà sí ilé tirẹ̀: nọ́ńbà wà lára wọn, èyí tó sún mọ́ ẹnu yín ni 1. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, èémí kò ní kọjá.

*Onídùrù wa ní ká mú G. Mo fọn G lórí fèrè mi, ó burú jáì. Àlòkù ló bà á jẹ́ àbí èmi? — Ìkẹ́nnẹ́*

Kò sí ẹni tó bà á jẹ́. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti tenor sax, B♭ ni wọ́n, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá mú C, B♭ ti dùrù ló ń dún: bí dùrù bá mú G, A lẹ ó mú. Alto sax, E♭ ni tirẹ̀: E ni yóò mú. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orin yín.

*Ọmọ yunifásítì ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè. Gìtá onígi tí mo rà, okùn rẹ̀ ga, ìka mi ti bó. Ṣé ìka mi ni kò tíì le ni?*

Rúlà ló máa dá ẹjọ́ náà. Ní fíréètì kejìlá (fíréètì ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), ẹ wọn àlàfo abẹ́ okùn: bíi mìlímítà 2 fún okùn tó tín-ín-rín jù, bíi 2.5 sí 3 fún èyí tó nípọn jù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìka yín kò jẹ̀bi.

Ẹ wá okùnfà rẹ̀. Ẹ tẹ okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, mọ́ fíréètì kìíní, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbi tí ọrùn ti pàdé ara gìtá. Lókè fíréètì keje, káàdì pélébé kan ṣoṣo ló yẹ kó lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí àlàfo bá tóbi, ọrùn ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí irin bá wà nínú ọrùn náà, wọ́n á yí i sọ́wọ́ ọ̀tún, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ẹ má yí i jù, irin tó bá já níbẹ̀, owó rẹ̀ ju ti gìtá lọ. Bí ọrùn bá gún, ẹ ti ewé ìwé bọ ẹ̀yìn afárá tó di okùn mú. Bí ìwé bá wọlé, gúlúù ti ń ṣí. Ooru inú mọ́tò tí wọ́n gbé sóòrùn máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Okùn irin lórí gìtá tí wọ́n ṣe fún okùn náílọ́nì máa ń ṣe é pẹ̀lú, torí agbára rẹ̀ ju ohun tí afárá yẹn lè gbà.

*Bàbá mi fi agídìgbo sílẹ̀. Àwọn irin rẹ̀ ṣì dún, ṣùgbọ́n wọn kò bára mu mọ́. — Ìjẹ̀bú-Òde*

Ẹ má tà á o! Ẹ tú ọ̀pá tó tẹ àwọn irin náà mọ́ àpótí díẹ̀. Bí ẹ bá fa irin kan síta kó gùn, ohùn rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá tì í wọlé, ohùn á gòkè. Ẹ dè é padà kó le. Bí òwe bí òwe la sì ń lu agídìgbo, kò pọn dandan kó bá dùrù mu.

*Mo fẹ́ ta gìtá àti sax mi. Ìgbà wo ni, báwo sì ni? — Òdògbólú*

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú Iléyá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ ló sì ń wá olórin nígbà náà. Oṣù Kọkànlá tún dára, kí ọdún Kérésì tó dé. Nínú oṣù Kìíní, ẹni tó fẹ́ tà pọ̀ ju ẹni tó fẹ́ rà lọ.

Ẹ pààrọ̀ okùn gìtá. Okùn tuntun ni owó tó ń yára padà sí ọwọ́ ẹni tó ń tà. Ẹ má kun ọ̀dà sára sax, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n á rò pé ibi tó jẹrà lẹ ń bò. Ìdérí tó ń lẹ̀ mọ́ ihò, ẹ fi ìwé pélébé há a lábẹ́, tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ yọ ìwé náà láìfà á kíkankíkan. Ẹ sọ àléébù tó kù kí olùrà tó rí i, kó má baà di pé òun ló ń bá yín dín owó. Ẹ pàdé níbi tí iná wà. Nínú rìsíìtì, ẹ kọ nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára rẹ̀, ọjọ́, iye owó, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Olùrà tó kọ̀ láti fọwọ́ sí i, tàbí ẹni tó fẹ́ tà fún yín tó kọ̀, ẹ gbé nǹkan yín, ẹ máa lọ.