Ṣáájà lórí ọ̀kadà: ibi tó yẹ kí iná ti wá, kí bátìrì má baà máa kú

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ dispatch ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, Boxer oní-sítátà ni mo ń gùn. Máàpù inú fóònù ni mo fi ń wá ilé oníbàárà, bí mi ò bá sì rí i ṣáàjì lójú ọ̀nà, fóònù á ti kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi so ṣáájà so ó mọ́ wáyà iná iwájú. Bí mo bá ń sáré, fóònù á máa gba iná. Bí mo bá dúró nínú go-slow, á já. Ẹlòmíì wá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó so ó mọ́ orí bátìrì gan-an. Látìgbà náà ni fóònù ti ń gba iná dáadáa, àmọ́ bí mo bá gbé ọ̀kadà kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé, tó bá fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè, sítátà kì í dá mi lóhùn mọ́, àfi kíìkì. Mo tún fẹ́ fi iná LED méjì síwájú, torí òkùnkùn ọ̀nà Mọ́níyà lálẹ́. Ṣé kí n ra bátìrì tó tóbi jù èyí lọ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣì fi owó bátìrì yẹn sápò ná. Bátìrì kọ́ ló ń ṣe iná fún ọ̀kadà yín. Kóìlì tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì lápá òsì ló ń ṣe é, níbi tí mágínẹ́ẹ̀tì ti ń yí po. AC, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ni iná tó ń ti ibẹ̀ jáde, bíi ti NEPA. Inú rẹ́gúlétọ̀, irin kékeré tó ní ìlà-ìlà lára yẹn, ló ti ń di DC, iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, tí bátìrì lè gbà. Bátìrì kàn ń tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́ kù ni, bíi dúrọ́ọ̀mù tí à ń pọn omi sí. Bí ẹ bá ra dúrọ́ọ̀mù ńlá, tí omi tí ẹ ń pọn kò sì lé sí i, ṣé á kún ni?

Ohun tí kóìlì ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré ń mú wá kò ju nǹkan bí 100 watt lọ, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń sáré nìyẹn. Bí ẹ bá dúró nínú go-slow, tí ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́jẹ́, iye yẹn á wálẹ̀ gan-an. Nínú ẹ̀ ni iná iwájú ti máa jẹ tirẹ̀. Gílóòbù 35 watt ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn tó ampere 3 díẹ̀ ló kù. Iná ẹ̀yìn á jẹ tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, gílóòbù 21 watt tún tàn. Tirafikétọ̀, fèrè, iná tí plọ́ọ̀gì fi ń ṣẹ́ná, gbogbo wọn ló ń jẹ níbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni fóònù yín àti iná LED máa pín.

Fóònù ò wúwo. Ṣáájà USB tó ń fúnni ní 5 volt àti ampere 2, 10 watt ni. Bí a bá ka èyí tó ń ṣòfò nínú ṣáájà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó máa fà lára bátìrì 12 volt kò ju nǹkan bí ampere 1 lọ. Èyí tó ń yára ṣáàjì, oní 18 watt, á fa tó ampere 1 àti ààbọ̀ sí 1.7. Ọ̀kadà tí kóìlì rẹ̀ dá ṣáṣá á gbé e láìwẹ̀yìn. Nítorí náà, ibi tí wọ́n so ó mọ́ ni wàhálà yín ti wá, àtohun tí wọn ò fi sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àkọ́kọ́. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, iná iwájú kì í gba ọ̀dọ̀ bátìrì kọjá rárá. Ọ̀dọ̀ kóìlì ló ti ń gba AC tààrà. Ẹ lè dán an wò fúnra yín: ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì. Bí fèrè bá dún, tí tirafikétọ̀ ń ṣẹ́jú, àmọ́ tí iná iwájú kò tàn, ẹ ti mọ ibi tó ti ń jẹun nìyẹn. Irú iná bẹ́ẹ̀ á tún máa mọ́lẹ̀ sí i bí ẹ bá ṣe ń fún ẹ́ńjìnnì lépo, á sì máa rọ bí ẹ bá dẹwọ́. Ṣáájà DC ni ẹ wá lọ so mọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀, tí volt rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀. Kò lè ṣe kó má máa já. Ẹ dúpẹ́ pé kò jó fóònù.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ kò mẹ́nu ba fúùsì. Bátìrì tó lágbára láti yí sítátà lè ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ampere jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà ṣáájà tó tín-ín-rín sì ń gba abẹ́ táńkì epo kọjá lọ síwájú. Ọjọ́ tí irin bá bó rọ́bà ara wáyà yẹn, tí bàbà inú rẹ̀ kan bọ́dì ọ̀kadà, á pọ́n bí ẹyin iná kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Mo ti tú ìjókòó ọ̀kadà rí tó jẹ́ pé rọ́bà wáyà náà ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ara wáyà yòókù, tí ẹni tó ń gùn ún kò mọ̀, torí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí fúùsì kò bá sí níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí bátìrì lónìí, kí ẹ tó parí kíka ohun tí mo kọ yìí.

Ní ti bátìrì tó ń kú láàárín Sátidé sí Mọ́ńdè: ṣáájà tó wà lórí bátìrì gan-an kì í sùn. Iná búlúù kékeré rẹ̀ tàbí nọ́ńbà volt tó ń hàn lójú rẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, yálà fóònù wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ká ní ó ń jẹ milliampere 20, láàárín wákàtí 24 ó ti jẹ nǹkan bí ìdajì ampere-hour. Bí wọ́n bá kọ 5Ah sára bátìrì, tó sì kún dáadáa, ó yẹ kó fara da òpin ọ̀sẹ̀ kan. Tí tiyín kò bá wá lè fara dà á, kò kún láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tàbí ó ti gbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ sítátà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà oníbàárà, tí ẹ ń gùn ún fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tún tó pa á, ẹ kì í fún kóìlì láyè láti dá ohun tí sítátà jẹ padà. Kíìkì dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sítátà sílẹ̀ fún àárọ̀ àti ìgbà tí ẹ bá wà lójú títì.

Mítà ló máa sọ òótọ́ fún wa. Èyí tó kéré jù lọ lọ́jà tó. Ẹ fi sí 20 volt DC, kí ẹ gbé ọwọ́ pupa sórí pósítífù, dúdú sórí nẹ́gẹ́tífù, láàárọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bátìrì tó yó á kà 12.6 sókè. 12.2 ti di nǹkan bí ààbọ̀. Bó bá ti wà lábẹ́ 12, ebi ń pa á. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fún un lépo díẹ̀ kọjá bó ṣe ń mí fúnra rẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Láàárín 13.5 sí 14.5 la fẹ́. Bó bá kọ̀ tí kò kọjá 13, ẹ̀bi kóìlì ni, tàbí rẹ́gúlétọ̀, tàbí ẹnu tí wáyà àwọn méjèèjì ti pàdé ti jó. Ẹ máa rí i pé pílásítíìkì rẹ̀ ti dúdú bí èèpo iṣu tó kan iná. Bó bá kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀ ti bàjẹ́, ó ń se ásíìdì inú bátìrì, ṣáájà yín ló sì máa jó tẹ̀ lé e. Ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọ̀kadà tí kò bá tíì yege ìdánwò yìí.

Bó bá yege, ẹ wá jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ kọ́kọ́ tú nẹ́gẹ́tífù, torí bí sípánà bá yẹ̀ lọ́wọ́ yín lórí pósítífù tó sì kan irin, iná ńlá ló máa ṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ dá a padà, nẹ́gẹ́tífù ló máa gbẹ̀yìn.

Láti orí pósítífù, ẹ fa wáyà kan jáde, kí fúùsì ampere 5 wà lára rẹ̀ nítòsí bátìrì, kó má ju nǹkan bí gígùn àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wáyà ni fúùsì ń dáàbò bò, kì í ṣe fóònù. Apá wáyà tó bá ṣáájú fúùsì kò ní alábòó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi fúùsì há iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀kadà, tí gbogbo wáyà abẹ́ táńkì wà níhòhò. Kò wúlò níbẹ̀.

Ẹ gbé wáyà náà wọ inú rílè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn súwíìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá, irú èyí tí àwọn onímọ́tò ń lò fún fèrè. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. 30 ni iná bátìrì ti ń wọlé, 87 ló ti ń jáde lọ sí ṣáájà àti LED. 85 á lọ sí bọ́dì. 86 ni kí ẹ so mọ́ wáyà tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ló ń jí i, bíi wáyà tó ń gbé iná lọ fún fèrè. Ẹ fi mítà wá a, kó kà nǹkan bí 12 bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì di òdo bí ẹ bá pa á. Bẹ́ẹ̀ ni ṣáájà kò ní rí nǹkan jẹ mọ́ nígbà tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, wáyà ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ọ̀kadà kò sì ní gbé ẹrù tí wọn kò ṣe é fún. Bó bá jẹ́ ṣáájà fóònù nìkan ni ẹ fẹ́, tí LED kò sí, ẹ lè fo rílè: ẹ gba iná lára wáyà tí kọ́kọ́rọ́ ń jí yẹn, kí fúùsì ampere 2 tàbí 3 wà lára ẹ̀ka tí ẹ yọ, níbi tí ẹ ti yọ ọ́ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ojú ìsopọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní òkúnkúndùn, torí òun ló ń bà wá níṣẹ́ jẹ́ jù. Ká yí wáyà pọ̀ ká fi tépù dúdú wé e, kì í ṣe ìsopọ̀. Oòrùn á yọ́ gọ́ọ̀mù tépù náà, òjò á rí ọ̀nà wọlé, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ẹ tú u wò: bàbà tó ń dán ti di àwọ̀ ewé, bí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á fọ́ wẹ́wẹ́. Iná tó bá ń gba irú ibẹ̀ kọjá á dín kù, ibẹ̀ á sì máa gbóná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà pọ̀, jó o, kí wọ́n fi rọ́bà tó ń sún kì bí a bá fi iná rà á lójú bò ó, kí wọ́n sì dì í mọ́ ara wáyà ńlá kó má baà máa gbọ̀n. Bí wáyà bá ń lọ síwájú, kó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà. Kí wọ́n tó fi ìdè dì í pa, ẹ yí ọwọ́ ọ̀kadà lọ sápá ọ̀tún pátápátá, ẹ yí i lọ sápá òsì pátápátá. Wáyà kò gbọ́dọ̀ fà níbì kankan.

Ihò USB, kó kọjú sísàlẹ̀, kó sì ní ìdérí rọ́bà. Bí omi bá ti wọ ẹnu okùn, ẹ má tì í bọ fóònù.

Fóònù náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, pẹ̀lú máàpù tó ń ṣiṣẹ́ tí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ dé òpin, ó máa gbóná débi tó máa fúnra rẹ̀ dá ṣáàjì dúró. Ṣáájà yín kò ṣẹ̀ ní ìgbà yẹn. Ohun kan tún wà: ní oṣù September 2021, Apple kìlọ̀ fáwọn tó ń lo iPhone pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù alágbára lè ba kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ bí wọ́n bá dè é mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí fóònù olówó ńlá lẹ ní, inú àpò ló yẹ ẹ́, kí ẹ máa fi etí gbọ́ máàpù. Ní tèmi, power bank 10,000mAh tún wúlò fún oníṣẹ́ bíi tiyín ju ọ̀pọ̀ ṣáájà lọ. Ó lè fún fóònù 5,000mAh ní iná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ilé sì ni ẹ ti lè kún un. Bí mítà bá sọ pé kóìlì yín ń ṣàárẹ̀, òun ni kí ẹ máa lò títí ẹ óò fi tún un ṣe.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ LED. Ẹ má wo 60 watt tí wọ́n kọ sára páálí. Èyí tó dára tó jẹ́ 10 watt ẹyọ kan tó fún ọ̀nà Mọ́níyà. Méjì rẹ̀ á fa nǹkan bí ampere 1.7, bí ẹ bá kó o pọ̀ mọ́ ṣáájà, fúùsì 5 yẹn ṣì gbé e. Ẹ fi súwíìṣì tirẹ̀ sí i, kí ẹ máa pa á bí ẹ bá wà nínú go-slow, nítorí ìgbà yẹn ni kóìlì kò lágbára. Lẹ́yìn tí wọ́n bá so ó tán, ẹ tan gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ fún un lépo díẹ̀, kí ẹ tún gbé mítà sórí bátìrì. Bó bá ṣì kọjá 13.2, a ti bọ́. Bó bá ń já sísàlẹ̀ 12.8 tó sì ń lọ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ LED kan. Kí ẹ sì dojú wọn kọlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wọn má baà dé ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí iná bá fọ́ lójú lóru, ọ̀dọ̀ yín ló lè forí lé.