Kí ló ń mú kí pẹ́dàlì bíréèkì ọkọ̀ àlòkù máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀?

Ó sábà máa ń jẹ́ pé dísìkì (irin róbótó pẹlẹbẹ tí páàdì bíréèkì máa ń fún mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró) kò nípọn dọ́gba yíká mọ́. Ìyàtọ̀ bíi 0.03 mm péré ti lè tó kí ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n. Tí sítíárìn bá ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀, iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ ìjókòó, ẹ wo ẹ̀yìn.

Ẹ tú táyà, kí ẹ fi maikirómítà (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn ohun tín-ín-rín) wọn dísìkì lójú mẹ́jọ yíká. Tó bá ti tín-ín-rín ju nọ́ńbà ìnípọn tó kéré jù tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ lọ, ẹ má wulẹ̀ fi ẹ̀rọ gbẹ́ ojú rẹ̀ kó lè dọ́gba: ẹ pààrọ̀ tọ̀tún tòsì, pẹ̀lú páàdì tuntun. Ohun tí wọ́n máa ń gbójú fò jù ni ìpẹtà orí họ́ọ̀bù (ibi tí dísìkì àti táyà ń jókòó lé). Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dísìkì tuntun á jókòó wọ́, ìgbọ̀n náà á sì padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀tì táyà tí a dè láìdọ́gba náà máa ń fà á.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì pátápátá lórí ọ̀nà tó ń yọ̀ nìkan ni, ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì) ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kò sí àléébù níbẹ̀.