Ṣé kí n kó àwọn ọmọ lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní Disẹ́ńbà?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Manchester là ń gbé, ọmọ méjì, ọ̀kan 11, èkejì 8. A fẹ́ lọ sílé ní Disẹ́ńbà, Ìbàdàn la máa dé sí, mo sì fẹ́ kí wọ́n lo ọjọ́ méjì ní Ilé-Ifẹ̀ kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Bàbá wọn ní epo ọkọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣòfò, pé àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá, kí ni wọ́n fẹ́ rí ńbẹ̀? Ẹni tó bá ti kó ọmọ lọ rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí i.

Ìdáhùn:

Mọ́mì, ẹ kó wọn lọ jàre, ẹ má dá dádì lóhùn. Ọjọ́ kan tó tí ẹ bá tètè kúrò n'Íbàdàn. Mùsíọ́ọ̀mù wà ní Ẹ̀núwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ère Mọrèmi tí Ọ̀ọ̀ni Ogunwusi ṣí ní 2016 náà wà ní sàkání ibẹ̀, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, wọ́n máa ya fọ́tò títí. Lẹ́yìn yẹn, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Mọ̀pà. Tó bá dọ̀sán ẹ kó wọn lọ sí OAU kí wọ́n sáré kiri, ibẹ̀ ni ọmọbìnrin mi fẹ́ràn jù. Ẹ ṣẹ́ owó dání, gbogbo ẹnu ọ̀nà ló ní ẹni tó ń dúró dè yín.

Ṣùgbọ́n ti àkọ́bí mi ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà yẹn. Kí a tó lọ, ìyá mi ń kọ́ ọ lórí fóònù, ẹ káàárọ̀ sà, orúkọ mi ni báyìí, inú mi dùn láti rí yín, ó ń fi wẹ̀, ó ń fi jẹun. A dé Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, bàbá tó ń mú wa kiri ń ṣàlàyé bí òkúta yẹn ṣe ga tó àti àwọn ìṣó irin tó wà lára ẹ̀, ni ọmọ mi bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mi ò rán an o, ó sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tí ìyá mi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ iléèwé kan tí wọ́n kó wá ṣe ẹ̀skọ́ṣọ̀n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń sín in jẹ. Bàbá yẹn náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ti ìkà, ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń ṣe tọ́mọdé bá dùn mọ́ wọn, ó ní òyìnbó wa ti dé. Ọmọ mi dìde, ó gbọn eruku nù, ó sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tiẹ̀ yẹn gan-an ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Ó ti pé 15 báyìí. Tí ìyá mi bá pè, á kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, á gbé fóònù fún mi. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá nítorí Ifẹ̀ ni, ó ní òun ò rántí. Ó lè jẹ́ òótọ́, ìyàwó mi ní mo ń rò ó jù. Kí ẹnì kan tó sì bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ́ ọ nílé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ìyá ẹ̀ wà ní yunifásítì, childminder ló ń bá a ṣeré láti àárọ̀, Yorùbá wo ló fẹ́ gbọ́? Ọmọ mélòó ló ń sọ ọ́ ní Lẹ́kí pàápàá?

Torí náà, ẹ fa ẹni tó máa mú yín kiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un. Mi ò mọ̀ bóyá á gbọ́. Ọmọ 8 yẹn ò ní kà á sí, ti 11 ni kẹ́ ẹ máa wò. Kẹ́ ẹ tó lọ, tẹ́ ẹ bá lè wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ mú wọn lọ wo orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n wú nílẹ̀ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, kí ojú wọn ti mọ nǹkan kan kí wọ́n tó débẹ̀.

Mo ní àbúrò kan ní Mọdákẹ́kẹ́ tó lè mú yín kiri, kì í fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ n mọ̀ kó tó di Novẹ́ńbà, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbélé.