Egbò Tó Pọ̀ Sí I Nínú Ìwé: Ṣé Iṣẹ́ Wa Ló Kùnà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kan lágbègbè Kétu. Láti ọdún tó kọjá ni a ti pa ìtọ́jú ẹsẹ̀ pọ̀ mọ́ ìtọ́jú àtọ̀gbẹ: ọjọ́ tí aláìsàn bá wá yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò náà ni a ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, a sì ń wẹ egbò fún ẹni tó bá ní. Nígbà tí a ka ìwé wa níparí ọdún, egbò tí a kọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀gá wa sì ń sọ pé ètò náà kò ṣiṣẹ́. Kí ló yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ yìí? — Nọ́ọ̀sì, Kétu.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, nọ́ọ̀sì wa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tìtorí iye yẹn pa ètò náà. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, ó sì máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ẹsẹ̀ kù, débi pé ènìyàn lè fara gbọgbẹ́ kí ó má mọ̀ rárá. Mo rí i rí ní Àjàṣẹ́ níbí: ìyá kan tó ń ta gààrí ti ọjà dé, ó ní ara òun le, àfìgbà tí a bọ́ sálúbàtà rẹ̀ tí a rí ìṣó tó ti gba inú rẹ̀ wọ àtẹ́lẹsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ bàtà. Kò mọ ìgbà tí ó tẹ̀ ẹ́. Ká ní a kò bọ́ sálúbàtà yẹn ni, a kò ní kọ egbò kankan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ wo bí egbò ṣe tóbi tó nígbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i, àti iye ọjọ́ tó ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí egbò bá pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ kékeré tí kò tíì wọ egungun, iṣẹ́ yín ń so èso. Lẹ́yìn náà, ẹ tún wo aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn tí ẹ kọ́kọ́ rí egbò rẹ̀: ṣé ó wà láàyè, ṣé egbò rẹ̀ ti jinná? Ìbéèrè yìí wà nínú àyẹ̀wò ìtọ́jú ẹsẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ́ńgíláǹdì àti Wales ní 2014, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò jẹ́ kí ẹni tó kú sọnù nínú ìṣirò.

Ní ti gígé ẹsẹ̀, ẹ má da gígé ọmọ ìka pọ̀ mọ́ gígé ẹsẹ̀ lókè ọrùn ẹsẹ̀. Ní Ipswich, ní Ẹ́ńgíláǹdì, níbi tí dókítà, nọ́ọ̀sì àti oníṣẹ́ abẹ ti jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, gígé ńlá, ìyẹn ti òkè ọrùn ẹsẹ̀, láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá alátọ̀gbẹ dín kù láti 36.4 sí 6.7 láàárín 1995 sí 2005, bẹ́ẹ̀ gígé kékeré, irú ti ọmọ ìka, lé díẹ̀ bí a bá fi iye gbogbo ará ìlú ṣe ìṣirò. Ọmọ ìka tí a tètè gé lè gba gbogbo ẹsẹ̀ là.

Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn kékeré bíi tiyín, ẹsẹ̀ kan tàbí méjì tí wọ́n gé lọ́dún kò tó ohun tí a lè fi dájọ́. Ẹ jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ wá ibi tí ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò sí: ṣé ilé ni, ṣé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni, ṣé owó ọkọ̀ ni, àbí ẹnu ọ̀nà tiwa gan-an? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àbúrò bàbá mi fi ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yẹ ṣúgà rẹ̀ wò àti ẹni tó ń wẹ egbò rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò sọ pé kí ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, èkejì kò béèrè iye ṣúgà rẹ̀, ìgbà tí wọ́n sì fi rí i pé ẹsẹ̀ ti dúdú, abẹ nìkan ló kù. Ó ń dùn mí di òní. Ohun tí ẹ pa pọ̀ yẹn ni òun kò rí.

Èyí tó kù ni àwọn tí kò padà wá. Ẹ má kọ wọ́n sí ara àwọn tó ti jinná. Àwọn kan lè ti gba Pobè lọ, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú egbò Buruli (egbò tí kòkòrò àrùn kan ń fà sí awọ ara), àwọn mìíràn lè wà nílé tí ẹsẹ̀ wọn ń jẹrà. Ẹ rán ẹnì kan sí wọn kí ẹ tó kọ ìròyìn yín fún àwọn ọ̀gá.